Bàbá Búrẹ́dì àti Ọ̀rọ̀ Kan Tí Wọ́n Ń Fò Nínú Àdúrà: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Jòsáyà Ọmọ́tọ́ṣọ́ Àríyọ̀ (1904–1970)

Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, nínú agbo-ilé Àríyọ̀, ni wọ́n ti bí Olóògbé Jòsáyà Ọmọ́tọ́ṣọ́ Àríyọ̀, tí gbogbo Diobu ní ìlú Port Harcourt mọ̀ sí Bàbá Búrẹ́dì, ní ọdún 1904. Kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá wọn máa ń sọ pé òjò àkọ́rọ̀ ló wó ògiri ilé ìdáná ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àti pé bí òun ti ń rọbí nínú yàrá ni àwọn ọkùnrin ilé ń po amọ̀ níta. Bàbá tó bí wọn ni Dáníẹ́lì Àríyọ̀, àgbẹ̀ tó di onígbàgbọ́ lẹ́yìn tó ti lé ní ogójì ọdún, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé rí ìsinmi mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ìyá wọn ni Fẹ̀hìntọlá, alákàrà. Ẹbí gbà pé ọ̀dọ̀ bàbá ni Olóògbé ti rí ìfẹ́ àdúrà, ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n sì ti rí ọwọ́ tó mọ ìgbà tí nǹkan bá pò dáadáa. Agídí tó so méjèèjì pọ̀, tiwọn ni. Wọn kò jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní ọdún 1913. Ní ọdún 1925, ìjọ rán wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníwàásù. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Àwọn kan ń ro oko, àwọn kan ń pọn omi, Jòsáyà Àríyọ̀ ni wọ́n sì fi sí ìdí ààrò búrẹ́dì. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní èdè Gíríìkì, èdè tí wọ́n fi kọ Ìyìn Rere láti ìbẹ̀rẹ̀, ni òyìnbó àgbàlagbà kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Bàbá Onígíláàsì. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 1926, ẹ̀kọ́ wọn dé ibi àdúrà tí Olúwa kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ kan pàdé, epiúsíọ̀sì, èyí tí Yorùbá pè ní òòjọ́ níbi tí a ti ń tọrọ oúnjẹ òòjọ́. Jòsáyà nawọ́ sókè, wọ́n béèrè pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an. Olùkọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó ní, "N kò mọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀."

Bàbá máa ń sọ pé títí di ọjọ́ náà, àwọn kò gbọ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu òyìnbó. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti wọ̀ wọ́n lára.

Kí ẹ̀yin tí ẹ wá síbi ìsìn yìí lè mọ ohun tí Bàbá gbé kiri fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ẹbí yóò ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀, bí Bàbá ti máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá ra búrẹ́dì tí kò kánjú, àti fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kánjú pẹ̀lú. Epiúsíọ̀sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Nínú gbogbo ohun tí àwọn Gíríìkì kọ sílẹ̀ kí Olúwa tó wá, ìwé ogun ni o, ìwé eré ni o, ìwé òfin ni o, ẹnikẹ́ni kò tíì fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun rí i níbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé àtijọ́ kan tí Gíríìkì jẹ́ èdè ẹnu rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò gbọ́ ọ rí, ìbáà ṣe lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé tàbí lẹ́nu àwọn ará ọjà, pé ó jọ pé àwọn tó kọ Ìyìn Rere ló dá a. Àwọn kan ní ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "wíwà" ló ti jáde, nítorí náà oúnjẹ tí èèyàn nílò kí ó tó lè wà láàyè ni à ń tọrọ. Àwọn mìíràn ní rárá, ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "bọ̀" ni, bí a ti ń sọ pé ọjọ́ tó ń bọ̀, nítorí náà oúnjẹ ọ̀la ni. Ẹni tó sọ àdúrà náà di èdè Látìnì túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀nà kan nínú ìwé Ìyìn Rere kan, ó túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà mìíràn pátápátá nínú ìkejì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Òyìnbó kan tún sọ pé òun rí i nínú ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n hú jáde ní ilẹ̀ Íjíbítì, níbi tí ẹnì kan to orúkọ àwọn nǹkan tí wọ́n rà sílé sí, ṣùgbọ́n ìwé náà ti sọnù. Bí Bàbá bá ti sọ̀rọ̀ dé ibi pé ìwé náà sọnù, wọn a mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí sínú ìwé ni pé Bàbá kì í bá Ọlọ́run sọ ohun tí kò yé wọn. Láti ọjọ́ tí Bàbá Onígíláàsì ti dá wọn lóhùn, bí ìjọ bá ń gba àdúrà náà, Bàbá yóò bá wọn kà á dé "oúnjẹ", wọn yóò panu mọ́, wọn yóò dúró kí àwọn yòókù kọjá, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tún wọ inú àdúrà padà. Ìdí nìyí tí wọn kò fi di oníwàásù. Àwọn àgbà ìjọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sáà pe ọ̀rọ̀ náà bí gbogbo èèyàn ti ń pè é. Bàbá ní àwọn yóò pè é lọ́jọ́ tí àwọn bá mọ ohun tí àwọn ń tọrọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1927, pẹ̀lú ìwé àjákọ Gíríìkì kan, èyí tí wọ́n ń kọ ẹ̀kọ́ wọn sí, lábẹ́ abíyá àti iṣẹ́ búrẹ́dì lọ́wọ́.

Ọdún 1931 ni ọkọ̀ ojú irin gbé wọn dé Port Harcourt. Wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe búrẹ́dì fún ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, kí wọ́n tó mọ ààrò tiwọn sí Diobu ní ọdún 1946, níbi tí kò jìnnà sí Mile 3. Ní ọdún 1935, wọ́n gbé Ibiere, ọmọ Kalabari tó ń ta ẹja gbígbẹ, níyàwó. Ẹbí kò ní fi pamọ́ pé àwọn ará ilé kọ lẹ́tà mẹ́ta láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí wọ́n má ṣe é, àti pé lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Bàbá fi dáná. Yorùbá Màmá nígbà náà kò ju ìkíni lọ, Kalabari Bàbá kò tilẹ̀ tó ìyẹn, ni Píjìn bá di èdè ilé, títí kan èdè ìjà. Ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ tí Màmá ṣàkíyèsí pé ọkọ àwọn ń fo ọ̀rọ̀ kan nínú àdúrà, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí níwájú ilé ìjọsìn.

"You dey sell bread, you no fit call bread for God?"

Bàbá ní àwọn ń pe búrẹ́dì o, ohun tó tẹ̀ lé búrẹ́dì ni kò tíì yé àwọn. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni wọ́n fi ṣe àríyànjiyàn náà, ó sì ń dùn mọ́ àwọn méjèèjì nínú.

Ní ti iṣẹ́ wọn, ẹ̀yin tí ẹ jẹ búrẹ́dì wọn kò nílò ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹ lè má mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lójoojúmọ́, kí Bàbá tó gé ìyẹ̀fun pípò sínú agolo, wọn a kọ́kọ́ bu ìṣù kan sọ́tọ̀ sínú igbá, wọn a wọ́n ẹmu ògùrọ̀ díẹ̀ sí i, wọn a da aṣọ tútù bò ó. Ìṣù yìí ni yóò mú ìyẹ̀fun ọjọ́ kejì wú. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ni wọ́n ti kọ́ ọ, nígbà tí ìwúkàrà òyìnbó máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Kò sí títà rẹ̀, kò sí jíjẹ rẹ̀, bí ó ti wù kí àwọn oníbàárà tò tó. Ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án yóò gbọ́ ìwàásù. Boma, àkọ́bí, fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lè ka ìwàásù náà lórí títí dòní.

Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967, ọ̀pọ̀ àwọn Yorùbá ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ kúrò ní Port Harcourt. Bàbá kó àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn fúnra wọn kò lọ. Ìyá Màmá ti darúgbó, kò lè rìn. Màmá kò lè fi ìyá sílẹ̀, Bàbá kò sì lè fi Màmá sílẹ̀. Ó parí síbẹ̀.

Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, ìfura ti gba ìlú kan. Ẹnikẹ́ni tí ahọ́n rẹ̀ bá ti yàtọ̀ ni wọ́n ń pè ní sábò, ìyẹn ẹni tó ń ta ìlú fún ọ̀tá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò wá yẹ ilé Bàbá wò. Wọn kò rí ìbọn, wọn kò rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá ọ̀tá sọ̀rọ̀. Ìwé àjákọ Gíríìkì ni wọ́n rí. Lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí rí ló kún un láti páálí dé páálí, ọ̀rọ̀ kan náà ni Bàbá sì fa ìlà yí ká ní ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé. Èyí tó wá burú jù ni ohun tí Bàbá kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, pé ṣé òní ni, àbí ọ̀la, àti pé ó jọ pé ọjọ́ tó ń bọ̀ ni. Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ kà á sókè, ojú rẹ̀ pọ́n.

"So na tomorrow dem go bomb us?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú Bàbá Búrẹ́dì lọ, pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́ dé ìgúnpá.

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí ogun ti tì pa ni wọ́n ń kó àwọn èèyàn sí. Ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò níbẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Wóbo, ọmọ Rumuolumeni, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kí ogun tó dé. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì olùkọ́, ó ṣí ìwé náà sílẹ̀, ó fi ìka kan ọ̀rọ̀ tí wọ́n fa ìlà yí ká.

"Papa, wetin be the meaning of this word?"

Bàbá kò mọ irọ́ í pa. Wọ́n ní, "Oga, nobody know."

"Who dey use am?"

"Before-before, nobody."

Wóbo pa ìwé náà dé. Ó ní tí wọ́n bá fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, kò burú. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ àwọn ṣọ́jà yóò wá láti àárín ìlú, yóò kó gbogbo ẹni tí kò bá ti sọ̀rọ̀. Bàbá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, nítorí àwọn tí ọkọ̀ náà ti kó lọ ṣáájú, ẹnikẹ́ni kò gbúròó wọn mọ́. Ẹ̀rù bà wọ́n gidigidi. Wọ́n sọ fún àwọn ọmọ lẹ́yìn náà pé kì í ṣe ikú nìkan ló dun àwọn, bí kò ṣe pé àwọn yóò kú láì tíì gba odindi àdúrà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìgbà tí àwọn ti dàgbà.

Àwọn méje ni wọ́n tì mọ́ kíláàsì kan. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Àkíbù, télọ̀ ará Ọ̀yọ́ tó ń ránṣọ ní Mile 3, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ni pé ó ran aṣọ fún ẹnì kan tó padà sá lọ. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di Ọjọ́bọ̀, oúnjẹ kò kan ẹnu wọn, oorun kò sì kan ojú Bàbá. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Màmá dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú búrẹ́dì kan. Ìṣù inú igbá ni wọ́n fi ṣe é, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ Màmá kan iṣẹ́ náà, ó sì rí wọ́gọwọ̀gọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbà kí búrẹ́dì náà wọlé. Wọ́n gé e sọ́nà méje, kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí mẹ́fà nínú wọn fi gbé tiwọn mì.

Àkíbù nìkan ló gé tirẹ̀ sí méjì. Ó jẹ ìlàjì, ó fi ìlàjì yòókù sínú fìlà rẹ̀, ó kírun, ó nà sórí bẹ́ǹṣì, ó fi fìlà náà sábẹ́ orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá wò ó, inú bí wọn. Wọ́n jí i.

"Àkíbù, báwo lo ṣe ń rí oorun sùn nínú ilé yìí?"

Àkíbù kò tilẹ̀ la ojú tán. Ó ní, "Ẹ dákun, Bàbá, ẹ jẹ́ n sùn jàre. Búrẹ́dì ọ̀la wà lábẹ́ orí mi. Kí ni mo tún ń ṣọ́?"

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n wo fìlà náà. Wọ́n wo àwọn mẹ́fà tí kò lè sùn, tí àwọn fúnra wọn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ni wọ́n bá rántí ìṣù tí àwọn ti ń bù sọ́tọ̀ sínú igbá láti ogójì ọdún, tí kì í ṣe fún títà, tí kì í ṣe fún jíjẹ, tí àwọn kì í lè lọ sùn láì bò ó. Wọ́n ti ń fi ọwọ́ ara wọn po ìdáhùn náà lójoojúmọ́. Oúnjẹ tí à ń tọrọ lónìí ni èyí tó máa jẹ́ kí á lè fi ojú kan oorun nítorí pé ti ọ̀la ti wà. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ẹkún náà tún di ẹ̀rín, títí ẹ̀ṣọ́ fi gbá ilẹ̀kùn pé kí ni ìṣòro bàbá yìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n sì sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Wóbo ní kí wọ́n kó àwọn méje wá síwájú òun. Ó ní, "Papa, last chance." Bàbá ní kí wọ́n bùn àwọn ní ṣọ́ọ̀kì. Wóbo, tó ti fi ogún ọdún jẹ́ olùkọ́, ti na ṣọ́ọ̀kì náà sí wọn kí ó tó rántí pé wọ́n ń fi ẹ̀sùn kan ẹni tó ń gbà á. Bàbá kọ ọ̀rọ̀ náà sójú pátákó dúdú. Wóbo ní kí wọ́n kọ ọ́ gbàǹgbà kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i. Bàbá pa á rẹ́, wọ́n kọ ọ́ gbàǹgbà. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé sọ nípa orírun rẹ̀, èyí tó ní "wíwà", èyí tó ní "bọ̀", onílátìnì tó túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àti ìwé tó sọnù. Wọ́n mí kanlẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

Wóbo kò gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó pe àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọlé, ó ní kí kálukú sọ bí wọ́n ti ń gba àdúrà náà ní èdè ilé rẹ̀. Ọ̀kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà gbà á, ó ní oúnjẹ òní ni. Èkejì tó ń lọ sí ìjọ mìíràn ní tiwọn kọ́ nìyẹn, oúnjẹ tí yóò tó ni àwọn ń tọrọ. Èkíní ní ṣé bí ó bá tó, kì í ṣe òní náà ni? Èkejì ní òní lè wà kí ó má tó, kí ó wo ikùn ara rẹ̀. Ni wọ́n bá fa á, tí ìbọn ń mì lọ́rùn wọn, tí ìkẹta ń pariwo pé, "Na today! Even small pikin sabi say na today!" Màmá, tí wọ́n ti dúró sí ojú fèrèsé láti ìdájí, bá wọn dá sí i láti ìta ní èdè Kalabari, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí wọ́n dákẹ́.

Wóbo gbá tábìlì. Ó kọjú sí Bàbá. "And you, wetin you say?"

Bàbá ní, "Me, I dey find am since 1926. Na yesterday I see am, under one tailor head."

Wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Wóbo ní kí Àkíbù bọ́ fìlà rẹ̀. Àkíbù bọ́ ọ, èérún lásán ló jábọ́, nítorí ó ti jẹ ìlàjì náà lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Ó ní, "Oga, tomorrow don reach now." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àwọn ẹ̀ṣọ́, àwọn tí wọ́n mú, àti Wóbo pẹ̀lú, tó wá fi ọwọ́ bojú fún ìgbà díẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti ilé-ẹ̀kọ́ òun pa, òun náà kò tíì sùn.

Nígbà tí ọkọ̀ àwọn ṣọ́jà dé ní ọ̀sán, Wóbo jáde lọ bá wọn. Àwọn tó wà nínú kíláàsì gbọ́ ohùn rẹ̀ pé kò sí sábò kankan níbí, pé ẹ̀kọ́ Bíbélì ni àwọn ń ṣe. Ọkọ̀ náà yí padà. Ó ní kí àwọn méjèèje máa lọ ilé. Ó ní òun yóò mú ìwé àjákọ náà dání kí òun lè rí nǹkan fi han àwọn ọ̀gá òun, ìwé náà kò sì padà wá. Bàbá kò ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ìbéèrè nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹbí kò mọ ibi tí Ọ̀gbẹ́ni Wóbo wà lónìí. Bí ó bá ń bẹ láàyè, ẹbí ń kí i, wọ́n sì ń dúpẹ́.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, èèyàn mọ́kànlá ló wá sí ìsìn. Nígbà tí àdúrà dé ibi tí Bàbá máa ń panu mọ́, wọn kò panu mọ́. Wọ́n pè é ketekete, ohùn wọn sì ga ju bó ti yẹ lọ. Ẹnu ya Màmá, wọ́n dákẹ́. Pásítọ̀ náà dákẹ́. Bàbá nìkan ló parí àdúrà ọjọ́ yẹn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, nígbà tí ìlú bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, Bàbá àti Màmá gbé arúgbó ìyá Màmá sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé àwọn Màmá. Ibẹ̀ ni arúgbó kú sí, ní ìrọ̀rùn, láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n padà dé Diobu, wọ́n bá ààrò ní wíwó. Bàbá, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ká ṣòkòtò sókè, wọ́n po amọ̀, wọ́n tún un mọ. Àwọn ọmọ padà wá bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, àwọn tó ti sá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà gba ọ̀nà Aluu wọlé, egungun wọn ṣeé kà. Bàbá yí àkókò iṣẹ́ wọn padà. Láàárọ̀ ni wọ́n ń ṣe búrẹ́dì títà, lọ́sàn-án ni wọ́n ń ṣe ti àwọn tó ń bọ̀ wálé, ọ̀fẹ́ sì ni. Màmá a fi ọbẹ̀ ẹja àti ẹ̀bà bọ́ wọn yó nírọ̀lẹ́, Bàbá a wá fún kálukú ní búrẹ́dì kan tí wọ́n fi ewé wé. "The soup na for now. This one na for tomorrow. Put am under your head, go sleep." Àwọn kan jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ nítorí ebi ti kọ́ wọn láti má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀la. Bàbá kò bá wọn wí. Wọn a fún wọn ní òmíràn. Oṣù márùn-ún gbáko ni wọ́n fi ṣe é, Ọ̀gbẹ́ni Àkíbù ló sì ń wé ewé, tó ń ṣàwàdà pé òun ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà lára, pé ó yẹ kí wọ́n máa pe òun ní Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ní ìjọ, Bàbá kò jẹ oyè kankan rí. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ méjì ní lẹ́tà Gíríìkì, wọ́n bá ọ̀pọ̀ tọkọtaya parí ìjà, búrẹ́dì oúnjẹ Olúwa láti ọdún 1946 sì ti ààrò wọn wá. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 1970, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó búrẹ́dì jáde kúrò nínú ààrò, Bàbá ní àwọn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn. Nígbà tí Màmá gbé omi lọ fún wọn, wọ́n ti lọ. Ojú wọn kò fi ìrora kankan hàn. Màmá jókòó tì wọ́n fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó ké pe ẹnikẹ́ni, ohun tí wọ́n sì bá Bàbá sọ nígbà náà, wọn kò tíì sọ fún ọmọ kankan.

Olóògbé fi aya sáyé, Màmá Ibiere Àríyọ̀. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sáyé: Arábìnrin Boma, Arábìnrin Àtinúkẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Dagogo tó wà nídìí ààrò báyìí, àti Dúrósinmí tó wà nílé-ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án sáyé, pẹ̀lú ìkẹwàá tí ń bẹ lọ́nà, tí Bàbá ti sọ pé bó bá jẹ́ ọkùnrin, kí wọ́n má ṣe sọ ọ́ ní orúkọ Gíríìkì.

Bí ẹ bá ń jáde lẹ́yìn ìsìn, ẹ ó rí Ọ̀gbẹ́ni Àkíbù lẹ́nu ọ̀nà. Yóò fún kálukú yín ní búrẹ́dì kan nínú ewé. Dagogo ló ṣe é. Ẹbí bẹ̀ yín, oúnjẹ òní wà lábẹ́ àtíbàbà, ẹ má jẹ ìyẹn lónìí.

Bàbá, ti ọ̀la ti wà nílẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ tún ń ṣọ́. Ẹ máa sùn.